Ọ̀nà Ẹ̀yìn Tó Jáde Láti Petrograd

Ẹ fojú inú wo máàpù Russia. Petrograd rèé, létí omi. Ìlú tí a mọ̀ sí St. Petersburg lónìí. Ẹ wo bí ààlà Finland ṣe sún mọ́ ọn tó.

Lọ́dún 1918, ìjọba Russia ti bọ́ sọ́wọ́ Lenin àti àwọn Bolshevik, ìyẹn ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì rẹ̀. Àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì ti kẹ́rù wọn lọ. Ta ló kù tó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ ìlú fún London? Olórin kan tó di amí Gẹ̀ẹ́sì ni o: Paul Dukes, tó ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé eré Mariinsky. Ní oṣù November, ó gba Finland yọ́ wọlé pẹ̀lú ìwé tó pè é ní òṣìṣẹ́ Cheka, ìyẹn àwọn ọlọ́pàá inú tí gbogbo ìlú ń sá fún. Aṣọ ọdẹ ni ẹran gbé wọ̀!

Orí ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń kọ ìròyìn sí. Àmọ́ báwo ni ìwé náà ṣe ń jáde? Nígbà òtútù, òkun ibẹ̀ a máa dì gbagidi, ẹṣin á sì fa èèyàn kọjá lórí yìnyín lóru. Tí yìnyín bá wá yọ́, ọ̀nà náà bá a yọ́ nìyẹn.

Ibí ni Augustus Agar ti wọlé, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1919, ó gbé ọkọ̀ ojú omi kékeré méjì wá sí Terijoki, ní ìhà Finland. Ọkọ̀ wọ̀nyí ń sáré bí àṣá, ìdí wọn kò sì wọ omi púpọ̀, torí náà wọ́n lè gba àárín àwọn odi Kronstadt, ibùdó ọmọ ogun ojú omi tó ń ṣọ́ Petrograd, kọjá níbi tí ọkọ̀ ńlá kò lè dé. Ìṣòro kan ni pé òru oṣù June níbẹ̀ kì í ṣú tán. Peter Sokolov, ońṣẹ́ tí wọ́n ń gbé lọ gbé bọ̀, ti gbá bọ́ọ̀lù fún Russia ní Òlíńpíìkì 1912.

Lóṣù August, Dukes fẹ́ wa ọkọ̀ pẹlẹbẹ lọ pàdé Agar. Omi kún ọkọ̀ náà. Díẹ̀ ló kù kó bómi lọ. Ló bá fi òkun sílẹ̀, ó dorí kọ Latvia, ó sì fi ọkọ̀ jíjò kan la adágún Luban kọjá.

Ọkọ̀ Agar, CMB4, ṣì wà ní England di òní. Ti adágún yẹn, n kò rò pé ẹnikẹ́ni bá a tọ́jú.