Àlùfáà Náà Ọmọ Ìlú Ni: Ẹ̀tọ́ Òjíṣẹ́ Kristi Láti Sọ̀rọ̀ Lórí Ìṣèlú

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run àti ẹ̀yin ọmọ ìjọ tí ẹ wà níjòókòó, mo kí yín. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n bá yín sọ kì í ṣe bóyá ó yẹ kí àlùfáà dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀. Ìbéèrè tó wà níwájú wa ni pé, nígbà tí wọ́n bá gbé ọwọ́ lé ènìyàn lórí, tí wọ́n sì yà á sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìwàásù, ṣé ẹ̀tọ́ tó ní gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìlú láti sọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn? Èsì tèmi ni pé kò bọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ọ̀tọ̀ ni àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórúkọ Ọlọ́run, ibi tí a bá sì ti da méjèèjì pọ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Àwọn tó máa ń sọ pé kí pásítọ̀ gbájú mọ́ Bíbélì rẹ̀, mo rò pé wọn kì í sábà ka Bíbélì náà dé ìwé Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì. Ní orí kẹrìndínlógún, àwọn aláṣẹ ìlú Fílípì na Pọ́ọ̀lù àti Sílà ní ọ̀pá ní gbangba, wọ́n sì jù wọ́n sẹ́wọ̀n láìgbọ́ ẹjọ́ wọn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n ránṣẹ́ pé kí wọ́n tú wọn sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ. Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́, kí ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Pọ́ọ̀lù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní ará Róòmù ni àwọn, wọ́n na àwọn ní gbangba láìdá àwọn lẹ́bi, wọ́n wá fẹ́ ti àwọn jáde níkọ̀kọ̀. Kí àwọn aláṣẹ fúnra wọn wá mú àwọn jáde. Ẹ̀rù ba wọn, wọ́n wá, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n. Ní orí kejìlélógún ẹ̀wẹ̀, nígbà tí wọ́n ti fi ọ̀já dè é tán láti nà án, ó béèrè bóyá ó bá òfin mu láti na ará Róòmù tí a kò tíì dá lẹ́bi. Nígbà tí olórí ọmọ ogun sọ pé owó ńlá ni òun fi ra ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú tòun, Pọ́ọ̀lù dáhùn pé wọ́n bí òun sínú rẹ̀ ni.

Ẹnìkan lè sọ pé ara rẹ̀ ni Pọ́ọ̀lù ń gbà sílẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìṣèlú ló ń sọ. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Fílípì, ìyà ti jẹ ẹ́ tán, ọ̀nà sì ti ṣí sílẹ̀ fún un. Ohun tó kù tó ń béèrè ni pé kí àwọn aláṣẹ jẹ́wọ́ lójú gbogbo ayé pé àwọn rú òfin. Orúkọ yòówù tí a bá fún irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, aráàlú tó ń bi ìjọba léèrè ni, ẹni náà sì jẹ́ àpọ́sítélì.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí òfin ti ṣe sí àwọn òjíṣẹ́ ní ìgbà tó sún mọ́ wa. Nínú ìwé òfin tí ìpínlẹ̀ Tennessee ní Amẹ́ríkà ṣe lọ́dún 1796, wọ́n kọ ọ́ pé àwọn òjíṣẹ́ ìhìnrere ti fi ara wọn fún Ọlọ́run àti ìtọ́jú ọkàn, kò sì yẹ kí ohunkóhun fà wọ́n kúrò nídìí iṣẹ́ ńlá náà. Nítorí náà wọn kò gbọdọ̀ jókòó nínú ilé aṣòfin. Ìyìn ni wọ́n fi dè wọ́n mọ́lẹ̀. Òfin yìí wà níbẹ̀ títí di ọdún 1977, nígbà tí Paul McDaniel, òjíṣẹ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi kan ní Chattanooga, jáde láti di aṣojú níbi ìpàdé tí wọ́n fẹ́ fi tún ìwé òfin ìpínlẹ̀ náà ṣe. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá a du ipò náà pè é lẹ́jọ́ pé òfin yìí kan irú ipò bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà dá McDaniel lẹ́bi, ṣùgbọ́n lọ́dún 1978, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà fagi lé òfin náà, kò sì sí ẹyọ kan nínú àwọn adájọ́ tó jókòó lórí ẹjọ́ náà tó lòdì sí i. Ìjọba kò lè sọ fún ènìyàn pé kí ó fi iṣẹ́ ìwàásù rẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó lè jẹ ẹ̀tọ́ tí gbogbo aráàlú ń jẹ. Bí wọn kò bá sì lè lé e kúrò nídìí àpótí ìbò, kí ni wọn yóò fi pa á lẹ́nu mọ́?

Ṣùgbọ́n ẹjọ́ mìíràn wà tí a kò gbọdọ̀ gbójú fò. Láti ọdún 1954 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ pé ẹgbẹ́ aláàánú tí ìjọba kò gba owó orí lọ́wọ́ rẹ̀, ìjọ Ọlọ́run pẹ̀lú, kò gbọdọ̀ ṣe ìpolongo fún olùdíje tàbí lòdì sí i. Lọ́dún 1992, nígbà tí ìdìbò ààrẹ ku ọjọ́ mẹ́rin, ìjọ kan ní ìpínlẹ̀ New York sanwó fún ìkéde olójú-ewé kan nínú ìwé ìròyìn méjì láti kìlọ̀ fún àwọn Kristẹni nípa Bill Clinton. Nísàlẹ̀ ìkéde náà, wọ́n tún kọ ọ́ pé àwọn ń gba ọrẹ fún un, àti pé ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́ yóò rí ẹ̀dínwó lórí owó orí rẹ̀. Gbólóhùn ìsàlẹ̀ yìí ló bà mí nínú jẹ́ jù. Ìjọba gba àǹfààní owó orí lọ́wọ́ ìjọ náà, ilé ẹjọ́ sì fọwọ́ sí i lọ́dún 2000. Ìjọ gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ ni òfin náà dè. Kò ka á léèwọ̀ fún pásítọ̀ láti fi orúkọ ara rẹ̀ àti owó ara rẹ̀ sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà. Àríyànjiyàn lórí ibi tí òfin náà kan ìwàásù dé kò tíì tán ní Amẹ́ríkà títí di òní.

Ohun tó wà lórí pẹpẹ ló ká mi lára ju ọ̀rọ̀ owó orí lọ. Bí àlùfáà bá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ìlú, ẹnikẹ́ni lè dìde kí ó já a ní koro; ọ̀rọ̀ ọmọ ìlú méjì ni. Lórí pẹpẹ, kò sẹ́ni tó máa nawọ́ sókè. Bí ó bá sọ níbẹ̀ pé báyìí ni Olúwa wí, lágbájá ni kí ẹ dìbò fún, ọmọ ìjọ tí èrò tirẹ̀ yàtọ̀ kò rí ẹni bíi tirẹ̀ ta kò mọ́. Ọlọ́run ni wọ́n máa ní ó ń bá jà. Ìwé Ọba Kìíní orí kejìlélógún sọ fún wa pé nǹkan bí irínwó wòlíì ló fi orúkọ Olúwa sọ fún Áhábù pé kí ó lọ sógun. Míkáyà nìkan ló ta kò wọ́n, òun nìkan ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, òun náà ni wọ́n sì gbá létí.

N kò sọ pé kí pẹpẹ ya odi sí ọ̀rọ̀ ìlú. Ní ọjọ́ Àìkú, 23 oṣù Kẹta ọdún 1980, Óscar Romero, bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti San Salvador, olú ìlú orílẹ̀-èdè El Salvador, sọ fún àwọn ọmọ ogun orílẹ̀-èdè rẹ̀ nínú ìwàásù pé kò sí ọmọ ogun tó di dandan fún láti tẹ̀ lé àṣẹ tó lòdì sí òfin Ọlọ́run, kí wọ́n dẹ́kun pípa àwọn ará wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n yìnbọn pa á níbi tó ti ń ṣe ìsìn ní ilé ìsìn ilé ìwòsàn kan. Òfin kan tí gbogbo Kristẹni mọ̀, ‘Ìwọ kò gbọdọ̀ pànìyàn’, ló gbé lé àwọn tó gbé ìbọn lọ́wọ́ lórí, kò sì ní kí wọ́n dìbò fún ẹnikẹ́ni. Ìyẹn wà lábẹ́ àṣẹ pẹpẹ. Èrò tèmi lórí ẹni tó lè tún ọrọ̀ ajé ṣe kò sí lábẹ́ rẹ̀. Bí mo bá fẹ́ sọ ọ́, kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n sì sọ pé èmi ni mo wí bẹ́ẹ̀.

Ó ku ìbéèrè kan: ṣé ìjọ fúnra rẹ̀ lè dín ẹ̀tọ́ yìí kù? Bẹ́ẹ̀ ni, nítorí pé àlùfáà ló fi ìfẹ́ inú ara rẹ̀ jẹ́ ẹ̀jẹ́ ìgbọràn. Robert Drinan, àlùfáà Kátólíìkì kan nínú ẹgbẹ́ Jesuit, wà nínú ilé aṣòfin Amẹ́ríkà láti ọdún 1971. Lọ́dún 1980, Póòpù John Paul Kejì ní kí àwọn àlùfáà yàgò fún irú ipò bẹ́ẹ̀, Drinan sì gbọ́, kò díje mọ́. Ìjọba kò ní agbára láti pa irú àṣẹ yẹn fún un. Lẹ́yìn náà ó padà sídìí kíkọ́ni ní ìmọ̀ òfin, ó sì ń sọ èrò rẹ̀ lórí ètò ìlú ní gbangba títí tó fi kú lọ́dún 2007.