Ṣé Ó Jì Ọ́ Ni, Àbí Ojú Ló Tì Í?

As-salaamu alaykum wa rahmatullaahi wa barakaatuh. Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn.

Jímọ̀ kan báyìí n'Ìbàdàn, a ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, kálukú ń wá bó ṣe máa gbé ọkọ̀ jáde. Èmi náà ń fi ọkọ̀ rìn sẹ́yìn, mi ò wo dígí dáadáa, àfi gbàù! Iná ẹ̀yìn Corolla arákùnrin kan ni mo fọ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó wo iná náà, ó wò mí. Kó tó la ẹnu, èèyàn ti yí wa ká: "Ẹ fi ti Ọlọ́hun jì wọ́n o! Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán! Ṣé ẹ ò rí i pé Alfa ni wọ́n ni?" Arákùnrin náà wo ilẹ̀, ó ní, "Kò burú, ẹ máa lọ." Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo tún rí ọkọ̀ náà. Ó ti fi ọ̀rá pupa bo ojú iná tó fọ́, ó sì fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká. Ara mi bù máṣọ. Kì í ṣe pé kò dùn ún lọ́jọ́ yẹn. Ojú àwọn èèyàn ló wò.

Ẹ̀yin ará, ẹ̀bẹ̀ tí a máa ń kó bo èèyàn lójú títì, nígbà mìíràn, ipá ni. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ pé dúkìá Mùsùlùmí kò tọ́ sí ẹlòmíràn, àfi èyí tí inú rẹ̀ bá yọ́ sí. Ẹlòmíì á ní, "Mi ò mọ̀ọ́mọ̀." Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ ni àṣìṣe ń mú kúrò, kì í mú gbèsè kúrò. Nínú Suratu Nisaa', aaya 92, ẹni tó ṣèèṣì pa èèyàn ṣì máa san owó ẹ̀mí fún ẹbí olóògbé, àfi tí àwọn fúnra wọn bá yọ̀ǹda rẹ̀. Bọ́ńpà wá ńkọ́?

Ìtàn kan wà nínú ìwé hadiisi Bukhari tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Ànábì wà lọ́dọ̀ ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀, ìyàwó mìíràn bá gbé oúnjẹ ránṣẹ́ sí i. Ìyàwó tó ni ilé lu ọwọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ tó gbé e wá, àwo já bọ́, ó fọ́. Ànábì ń ṣa àfọ́kù jọ, ó ń kó oúnjẹ náà sí i, ó ní, "Ìyá yín ló jowú." Kò pariwo mọ́ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọmọ náà lọ títí wọ́n fi gbé àwo tó pé jáde nínú ilé yẹn. Ìyẹn ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni àwo. Àfọ́kù kù sílé ẹni tó fọ́ ọ.

Àwo fún àwo ni o. Ìwọ tí wọ́n gbá, tó bá jẹ́ tòkunbọ̀ ni iná rẹ, má gba owó tuntun. Má sì ní kí wọ́n bá ọ na ilẹ̀kùn tó ti tẹ̀ láti èṣí mọ́ ọn.

Láti oṣù kìíní ọdún 2023, ₦15,000 ni ìnṣọ́ránsì third party ọkọ̀ àdáni, ó sì lè san tó mílíọ̀nù 3 náírà lórí dúkìá ẹlòmíì tí a bà jẹ́. Síbẹ̀, bí ọ̀rọ̀ bá kéré, a kì í pe àwọn ìnṣọ́ránsì, àwa méjèèjì la máa ń yanjú rẹ̀. Kò burú, Ọlọ́hun fẹ́ràn ìlàjà. Àmọ́ ẹni tó ní "màá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì yín lálẹ́", tó wá pa fóònù, gbèsè ló gbé lọ sí ọ̀run yẹn. Bí kò bá sí lọ́wọ́, sọ ọ́. Suratul Baqarah, aaya 280, ní kí wọ́n fún ọ láyè. Ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ sílẹ̀, kódà lórí WhatsApp. Tí ẹnikẹ́ni bá farapa, ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà lọ.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo lọ sí Gate, mo ra iná tòkunbọ̀ kan. Nígbà tí mo gbé e fún arákùnrin náà, ó yí i wò tinú tẹ̀yìn. Ó ní, "Alfa, mo ti jì yín tẹ́lẹ̀ o." Mo ní kó gbà á. Ó gbà á, ó rẹ́rìn-ín, ìgbà yẹn ló tó béèrè orúkọ mi.