Páàsì ọwọ́ kan tó ń yí gìrìpá po lábẹ́ ríìmù

Ẹ ti ń dà mí láàmú lórí eléyìí, ó yá, ẹ wá gbà á. Páàsì kan nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n (basketball) ni, wraparound ni wọ́n ń pè é. Ẹ ti gba ẹ̀gbẹ́ ìlà ẹ̀yìn wọlé, gìrìpá wọn, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù ńlá ẹgbẹ́ kejì, ti dí ríìmù (òrùka irin tá à ń ju bọ́ọ̀lù sí) mọ́ yín lójú, ẹ wá fi ọwọ́ kan gbé bọ́ọ̀lù yí ìbàdí rẹ̀ po, ó di ọwọ́ ẹni yín tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe máa gbá bọ́ọ̀lù débẹ̀, ìyẹn ò sí nínú fídíò tòní.

Igun ọ̀tún la ti ń bọ̀, torí náà ọwọ́ ọ̀tún ni. Ẹ gbójú sókè sí ríìmù bíi pé ẹ fẹ́ jù ú. Gìrìpá á na ọwọ́ méjèèjì sókè, ìbàdí rẹ̀ á sì ṣófo. Ẹ má fò o! Gbogbo ọmọ tí mò ń kọ́ ló máa ń fò. Tẹ́ ẹ bá ti wà lókè, tẹ́ni yín ò wò yín, ẹ̀ ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ nílẹ̀ nìyẹn, réfírì á sì fọn fèrè.

Bí bọ́ọ̀lù bá ta dé ìbàdí yín, ẹ sún ọwọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lóde, ẹ ya ìka, ẹ ká ọrùn ọwọ́ wọlé kó há sáàárín àtẹ́lẹwọ́ àti apá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọwọ́ yín kéré, ẹ gbọ́: apá tó ń yára fì ló ń tẹ bọ́ọ̀lù mọ́ ọwọ́. Ẹni tó bá rọra fì í ni tiẹ̀ ń já bọ́.

Tẹ́ ẹ bá ti há a, ìṣísẹ̀ méjì ló kù. Ẹsẹ̀ òsì níwájú bàtà gìrìpá, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà rẹ̀. Mítà 1.20 péré ló wà láàárín ìlà ẹ̀yìn àti bọ́ọ̀dù (pátákó tí ríìmù wà lára rẹ̀), ẹ ṣọ́ ẹsẹ̀: bàtà kan ìlà, bọ́ọ̀lù ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ àti bọ́ọ̀lù lè gba òkè ìlà kọjá lófuurufú, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ níbẹ̀. Ibi tó dùn mọ́ mi jù nìyẹn! Gìrìpá rò pé ìlà ti bá òun dí ọ̀nà.

Ẹ fì í, kó balẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lẹ́yìn gìgísẹ̀ rẹ̀. Tó bá balẹ̀ kó tó kọjá ibẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló máa gbá. Ẹ má fò, mo tún sọ ọ́. Ẹ lọ wo bí Steve Nash ṣe máa ń ṣe é nígbà tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Phoenix ní Amẹ́ríkà, níbi tó ti gba MVP (àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù) ní 2005 àti 2006.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa gbà á, òdìkejì ríìmù ni kẹ́ ẹ wà, ọwọ́ níbàdí. Ẹ má bọ́ sẹ́yìn bọ́ọ̀dù, ẹ ò ní ríbi jù ú sí. Tọ́wọ́ ọ̀tún bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sí igun òsì, kẹ́ ẹ fi ọwọ́ òsì ṣe é.