Bẹ́ Ẹ Ṣe Máa Rí Dókítà Lórí Fídíò ní Scotland

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Scotland, tí ọsibítù ti fi líǹkì Near Me ránṣẹ́ sí, ìyẹn ètò tí wọ́n fi ń rí dókítà lórí fídíò, ẹ sún mọ́ mi.

Agbègbè Highland ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Láti ìlú Wick dé Inverness tí ọsibítù ńlá wà, ó tó nǹkan bí 100 máìlì. Kéèyàn rin gbogbo ìyẹn torí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú díẹ̀ pẹ̀lú dókítà? Nígbà tí Kòrónà wá dé lọ́dún 2020, gbogbo Scotland bọ́ sórí ẹ̀.

Kò sí áàpù tẹ́ ẹ máa gbé wálẹ̀. Ẹ tẹ líǹkì, ẹ kọ orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín, tí fóònù bá ń bi yín nípa kámẹ́rà, ẹ tẹ "Allow". Ó tán.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ṣì í rèé: FÈRÈSÉ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ MÁ kọ̀yìn sí fèrèsé! Tí ìmọ́lẹ̀ bá wà lẹ́yìn yín, ojú yín á ṣókùnkùn biribiri, òjìji lásán ni dókítà máa rí. Ṣé ẹ rántí àwọn onífọ́tò àtijọ́? Wọ́n á di àgbọ̀n yín mú, wọ́n á yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún, wọ́n á ní "ẹ gbójú sókè." Mo fẹ́ràn àwọn baba yẹn gan-an! Ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n ń wá. Ẹ̀yin náà, Ẹ KỌJÚ SÍ FÈRÈSÉ. Tí nǹkan bá sú sí yín lára ńkọ́? Lára òyìnbó, ibi tó sú máa ń pọ́n. Lára tiwa, ó lè kàn dúdú sí i ni, tí ìmọ́lẹ̀ ò bá sì tó, kò ní hàn rárá. Tí dókítà bá ní kẹ́ ẹ fa ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ wálẹ̀, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀jẹ̀ yín tó ni. Báwo ló ṣe máa rí i nínú òkùnkùn?

Ó ku ọ̀kan. Màmá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ má fi ọmọ ẹ̀ ṣe ògbufọ̀! Ṣé ojú ọmọkùnrin ẹ̀ ló ti máa sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń dà lára òun? Á kàn ní "mo wà dáadáa, a dúpẹ́" ni. Ẹ ní kí wọ́n bá yín wá ògbufọ̀ Yorùbá. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì lè wọlé sórí fídíò kan náà. Àmọ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ń gba àyè ni kẹ́ ẹ ti sọ ọ́ o.

Tí àyà bá sì ń fún yín, tí èémí ò já geere, ẹ fi fídíò sílẹ̀. Ẹ pe 999, kíá!