Ǹjẹ́ Àgbáálá Ayé Ní Etí? Ǹjẹ́ Ó Ní Ọjọ́ Ìparí?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ kú ìjókòó. Ìbéèrè tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ lónìí kúrú, àmọ́ ó ti lé oorun lójú àwọn ọlọ́gbọ́n fún ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún. Ǹjẹ́ àgbáálá ayé yìí ní ibi tó parí sí? Ǹjẹ́ ó ní ọjọ́ tí yóò dópin? Ìbéèrè méjì ni, kì í ṣe ẹyọ kan. Mo fẹ́ kí a yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Èsì tí a ní lórí ọ̀rọ̀ àkókò fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju èyí tí a ní lórí ọ̀rọ̀ ààyè lọ. Ohun tó fà á ni mo wá sọ.

Ní nǹkan bí 400 ọdún ṣáájú ìbí Jésù, ọkùnrin kan wà ní Taranto, ní gúúsù Ítálì, Archytas lorúkọ rẹ̀. Ó ní bí òun bá dé etí àgbáálá ayé, tí òun na ọ̀pá síta, ṣé ọ̀pá náà á jáde ni àbí kò ní jáde? Bó bá jáde, a jẹ́ pé ibẹ̀ kọ́ ni etí. Bí nǹkan bá sì dí i lọ́nà, nǹkan yẹn wà lẹ́yìn etí nìyẹn, a ò tíì dé òpin. Aristotle, tó dé lẹ́yìn rẹ̀, kò gbà. Lójú tiẹ̀, àgbáálá ayé rí roboto, ó níwọ̀n, kò sì sí ibì kankan lẹ́yìn rẹ̀ rárá tí èèyàn lè na ọ̀pá sí. Àmọ́ ní ti àkókò, ó ní kò ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sì ní òpin. Ẹ fi èyí sọ́kàn o, torí ìmọ̀ òde òní fẹ́rẹ̀ẹ́ dorí ọ̀rọ̀ Aristotle kodò.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí gbogbo wa máa ń rí. Bí iná bá lọ ládùúgbò, tí òṣùpá ò sì sí lókè, òkùnkùn á bo ojú ọ̀run, ìràwọ̀ nìkan ni yóò máa ṣẹ́jú. Kò sẹ́ni tó ń bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí ilẹ̀ fi ń ṣú. Oòrùn ti wọ̀, ó parí. Ṣùgbọ́n ní 1823, dókítà oníṣègùn kan ní Bremen, lórílẹ̀-èdè Jámánì, Heinrich Olbers, ẹni tó máa ń wo ìràwọ̀ lóru lẹ́yìn tó bá ti tọ́jú aláìsàn tán, kọ̀wé pé òkùnkùn yẹn gan-an ni ìṣòro. Kepler, onímọ̀ ìràwọ̀ tó ṣáájú rẹ̀, náà ti fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ yìí ní 1610.

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò náà. Ká ní ìràwọ̀ lọ títí láìlópin, tí wọ́n sì ti ń tàn láti ayérayé. Ẹ pín wọn sí ìpele ìpele tó yí wa ká. Ìpele tó fi ìlọ́po méjì jìnnà sí wa, ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ yóò dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n ìpele yẹn gbòòrò ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ìlọ́po mẹ́rin, nítorí náà ìràwọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ní ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tí jíjìnnà mú kúrò, pípọ̀ dá a padà. Bí ìpele náà bá sì lọ títí, kò ní sí ibi téèyàn máa kọjú sí lójú ọ̀run tí kò ní bá ìràwọ̀ pàdé. Gbogbo òkè ì bá mọ́lẹ̀ bí ojú oòrùn, lọ́sàn-án àti lóru. Olbers rò pé nǹkan kan ló ń gba ìmọ́lẹ̀ náà mu lójú ọ̀nà. Kò lè rí bẹ́ẹ̀, torí ohunkóhun tó bá ń gba irú ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ mu láti ayérayé, òun náà á gbóná, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn.

Ìmọ́lẹ̀ máa ń sáré tó 300,000 kìlómítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n sísáré náà ni. Ó ń gba àkókò. Ìràwọ̀ ò tíì máa tàn láti ayérayé. Èyí tó jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ṣì wà lójú ọ̀nà. Òkùnkùn òru ń jẹ́rìí pé nǹkan tí a ń wò yìí ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sọ ohunkóhun fún wa nípa bóyá ó ní etí. Mo fẹ́ràn ẹ̀rí yìí ju gbogbo ẹ̀rí yòókù lọ, torí kò sẹ́ni tí kò lè rí i, ì báà má ní ẹ̀rọ kankan.

Nígbà tí ẹ̀rọ wá dé, ọ̀rọ̀ náà túbọ̀ yé wa. Ní 1929, Edwin Hubble, tó ń ṣiṣẹ́ lórí òkè Mount Wilson ní California, fi hàn pé bí agbo ìràwọ̀ kan bá ṣe jìnnà sí wa tó, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń yára sá lọ tó. Àlùfáà Kátólíìkì kan, ọmọ Bẹ́ljíọ̀m, Georges Lemaître, ti rí i nínú ìṣirò ní 1927. Ẹ mú rọ́bà tí àwọn ọmọ fi ń ṣe kànnàkànnà, kí ẹ fi bírò tọ́ka sí ojú rẹ̀ káàkiri, kí ẹ wá fà á. Gbogbo àmì náà á máa jìnnà síra, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn tó jẹ́ àárín. Bí àgbáálá ayé ṣe rí nìyẹn. Àwọn agbo ìràwọ̀ kọ́ ló ń fò lọ sínú àyè òfìfo kan tó ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, ààyè tó wà láàárín wọn ló ń fẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nawọ́ níbí, ó ní: «Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé àwa náà ń fẹ̀ ni?» Rárá. Agbára tó so ara wa pọ̀, àti òòfà tó so ayé mọ́ oòrùn, lágbára ju fífẹ̀ yẹn lọ. Kódà Andromeda, agbo ìràwọ̀ ńlá tó múlé gbè wá, tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń gba nǹkan bí mílíọ̀nù 2.5 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa ni, kò sá lọ. Láàárín àwọn tó jìnnà sí ara wọn gan-an ni fífẹ̀ ti ń borí.

Bí ohun gbogbo bá ń jìnnà síra lónìí, a jẹ́ pé wọ́n ti sún mọ́ra rí, wọ́n sì ti gbóná rí. Ṣé ooru yẹn fi nǹkan sílẹ̀? Ní 1964, Arno Penzias àti Robert Wilson ń lo ẹ̀rọ rédíò ńlá kan tó rí bí ìwo ní Holmdel, New Jersey. Wọ́n ń gbọ́ ariwo kan tó ń kùn ṣùù. Wọ́n yí ẹ̀rọ náà sí New York, ariwo ò yí padà. Wọ́n yí i sójú ọ̀run, bákan náà ni. Tọ̀sántòru, láti ìgbà òtútù títí dé ìgbà ooru, kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ẹyẹlé méjì ti ṣe ìtẹ́ sínú ìwo náà, wọ́n sì ti yàgbẹ́ sí i. Wọ́n kó ẹyẹlé kúrò, wọ́n fọ ìgbẹ́ náà dànù, ariwo ò kúrò. Kò jìnnà síbẹ̀, ní Princeton, Robert Dicke àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kan ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ fi wá ooru àkọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an. Ìgbà tí wọ́n fóònù ara wọn ni ọ̀rọ̀ tó yé wọn. Ooru tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí àgbáálá ayé jẹ́ ọmọ nǹkan bí 380,000 ọdún ni, ó ti tutù dé nǹkan bí 270 ìwọ̀n Celsius sísàlẹ̀ òdo. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ tẹlifíṣọ̀n elérìíà àtijọ́, tó máa ń hó ṣùù bí ilé-iṣẹ́ bá ti paná, díẹ̀ lára ohun tẹ́ ẹ ń rí níbẹ̀ nìyẹn.

Sátẹ́láìtì Planck, tí àjọ òfurufú ilẹ̀ Yúróòpù fi ránṣẹ́ ní 2009, wọn ooru yìí fínnífínní. Ọjọ́ orí tó ti ibẹ̀ jáde ni nǹkan bí bílíọ̀nù 13.8 ọdún. Ní ti ohun tó wà ṣáájú ìgbà yẹn, àwọn onímọ̀ ò tíì fohùn ṣọ̀kan. Gẹ́gẹ́ bí àbá tí James Hartle àti Stephen Hawking gbé kalẹ̀ ní 1983, kí a béèrè ohun tó ṣáájú dà bí ìgbà tí a béèrè ohun tó wà ní gúúsù Òpó Gúúsù: kò sí. Roger Penrose ní tiẹ̀ gbà pé ìgbà mìíràn ti wà ṣáájú tiwa.

Ó ku ọ̀rọ̀ ààyè. Ìmọ́lẹ̀ tó pẹ́ jù lójú ọ̀nà ti rin bílíọ̀nù 13.8 ọdún, ṣùgbọ́n nítorí pé ààyè ń fẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ibi tó ti gbéra ti wà ní nǹkan bíi bílíọ̀nù 46 ọdún ìmọ́lẹ̀ sí wa báyìí (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè rìn dé láàárín ọdún kan). Ibẹ̀ ni ojú wa mọ. Kì í ṣe ògiri. Ẹni tó bá dúró níbẹ̀ á rí ibi tí ojú tirẹ̀ mọ, àwa gan-an la ó sì wà ní etí ìran tirẹ̀.

Ní 1917, Einstein fi ohun kan hàn tí Archytas ò rò ó kàn: nǹkan lè níwọ̀n kó má sì ní etí. Ẹni tó bá kọrí sí ìwọ̀-oòrùn láti Èkó, tí kò yà sí ibì kan, yóò gba ìlà-oòrùn padà wọ Èkó, kò sì ní bá etí ilẹ̀ pàdé. Ààyè fúnra rẹ̀ lè tẹ̀ báyẹn. Títẹ̀ yìí kì í ṣe àròsọ. Ní erékùṣù Príncipe, nínú omi òkun tiwa yìí lápá Gulf of Guinea, àti ní Sobral ní Brazil, ni wọ́n ti wo oòrùn nígbà tí òṣùpá bò ó ní May 29, 1919, tí wọ́n sì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tẹ̀ bó ṣe ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Báwo wá la ṣe máa mọ̀ bóyá gbogbo àgbáálá ayé tẹ̀? Nípasẹ̀ onígun mẹ́ta. Ní iléèwé, wọ́n kọ́ wa pé àpapọ̀ igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ dígírì 180. Ẹ wá gbéra láti Òpó Àríwá, kí ẹ tọ ìlà tó gba Tema ní Gánà kọjá títí dé ìlà agbedeméjì ayé, kí ẹ yà sí ìlà-oòrùn, kí ẹ rin ìdá kan nínú mẹ́rin ìlà náà, kí ẹ wá padà sí òpó. Igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 90, 90, 90. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 270. Igun náà ń tú àṣírí ilẹ̀ pé ó rí roboto, láìsí pé ẹ kúrò lójú ilẹ̀. Lójú ọ̀run, ooru àkọ́bẹ̀rẹ̀ yẹn ní àbàwọ́n àbàwọ́n. Etí méjèèjì àbàwọ́n kan àti ojú wa ló para pọ̀ di onígun mẹ́ta tiwa. A mọ bí wọ́n ṣe yẹ kí wọ́n tóbi tó, torí a mọ ibi tí ìgbì ohùn lè rìn dé nínú ooru ìgbà náà. Bí ààyè bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó yẹ kí àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bí dígírì kan lójú wa, ìyẹn ìlọ́po méjì òṣùpá àrànmọ́jú. Bí wọ́n ṣe rí gan-an nìyẹn. Ààyè tẹ́ pẹrẹsẹ, àṣìṣe inú ìwọ̀n náà ò sì tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Ẹni tó bá wá fi ìyẹn sọ fún yín pé sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé àgbáálá ayé kò lópin, ń sọ ju ohun tó mọ̀ lọ. Ó lè tẹ̀ díẹ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ wa lè rí lọ. Ó tún lè tẹ́ kó sì pò padà bá ara rẹ̀, kó níwọ̀n láìní etí. Àwọn onímọ̀ ti wá àpẹẹrẹ pípò yẹn nínú ooru náà, wọn ò rí i, àmọ́ ibi tí ojú mọ nìkan ni wọ́n lè wá a dé. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ò tíì ti dé, kò sí ìwọ̀n tí èèyàn lè ṣe níbẹ̀. Ohun tó mú ọ̀rọ̀ ààyè le ju ti àkókò lọ nìyẹn: ìmọ́lẹ̀ ń gbé ìtàn ọjọ́ tó ti kọjá wá bá wa nílé, ṣùgbọ́n kò lè gbé ìròyìn ibi tí kò tíì ti dé wá.

Ọjọ́ ìparí ńkọ́? Ní 1998, ẹgbẹ́ méjì, tí Saul Perlmutter, Brian Schmidt àti Adam Riess wà lára wọn, wo àwọn ìràwọ̀ tó bú gbàmù ní ọ̀nà jíjìn. Wọ́n retí pé òòfà á ti máa dín fífẹ̀ náà kù. Àwọn ìràwọ̀ náà wá ṣókùnkùn ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ni pé wọ́n jìnnà jù. Fífẹ̀ náà ń yára sí i ni. A ò mọ ohun tó ń tì í. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹ̀bùn Nobel ní 2011.

Bí ohun tó ń tì í náà kò bá yí padà, kò ní sí ọjọ́ kan tí a ó pè ní ọjọ́ ìparí. Oòrùn wa ní nǹkan bíi bílíọ̀nù márùn-ún ọdún sí i. Àwọn agbo ìràwọ̀ tó jìnnà á máa bọ́ kúrò níbi tí ojú lè tó, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìràwọ̀ kéékèèké tó ń jó pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ á wà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún bílíọ̀nù ọdún, àwọn náà á sì kú. Àkókò á máa lọ, ṣùgbọ́n kò ní sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ mọ́. Bí ohun tó ń tì í bá wá rẹ̀yìn, tó sì yí padà, ohun gbogbo lè padà wá kó jọ sójú kan.

Èwo nínú méjèèjì? Ẹ̀rọ DESI, lórí òkè Kitt Peak ní Arizona, ń wọn bí ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù agbo ìràwọ̀ ṣe jìnnà tó. Èsì tó gbé jáde ní 2024 àti 2025 fẹ́ fi hàn pé agbára tó ń ti fífẹ̀ náà ti ń dín kù. Ẹ̀rí náà ò tíì tó ohun tí àwọn onímọ̀ ń béèrè kí wọ́n tó pe nǹkan ní àwárí. Ní Chile, awò ńlá tó wà ní ibùdó Vera Rubin gbé àwòrán àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní June 2025. Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n fẹ́ fi ya gbogbo ojú ọ̀run apá gúúsù léraléra, àwọn ìràwọ̀ tó ń bú gbàmù sì wà lára ohun tí wọ́n ń wá.