Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi onígi tó ti pẹ́, ẹ má wo pẹ́ńtì

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní odò wo lẹ ní n'Ílọrin tẹ́ ẹ fi ń ra ọkọ̀, ṣé Odò Àsà lẹ fẹ́ gbé e sí ni? Rárá o, Jẹ́bà là ń lọ, etí Odò Ọya.

Ọ̀rẹ́ mi kan rí ọkọ̀ pákó àtijọ́ kan níbẹ̀, wọ́n ti kùn ún ní búlúù àti funfun, ó ń dán gbinrin, ọ̀rẹ́ mi ti fẹ́ máa kawó. Mo ní kó fún mi lọ́bẹ ná. Mo fi ṣóńṣó ẹ̀ tẹ abẹ́ ìjókòó, níbi tí orí pákó ti pàdé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, àfi bí ìgbà tí mo gún ẹ̀kọ tútù. Ẹni tó ń tà á bá kọjú sódò, kò wò wá mọ́.

Ẹ gbọ́, igi tó wà lábẹ́ omi tọ̀sán-tòru kì í tètè jẹrà torí atẹ́gùn ò ráyè dé ibẹ̀. Òjò gan-an lọ̀tá. Á rọ̀ sínú ọkọ̀, á dúró sí kọ̀rọ̀, oòrùn á gbẹ ẹ́ díẹ̀, òmíì á tún rọ̀. Torí náà etí ọkọ̀ lókè àti abẹ́ ìjókòó ni kẹ́ ẹ gún, kẹ́ ẹ sì fi ìdí ọ̀bẹ kàn án, èyí tó le á dún kó-kó, èyí tó ti jẹrà á dún bùù. (Kòkòrò tó ń lu igi ọkọ̀ àwọn ará Èkó, inú omi iyọ̀ nìyẹn ń gbé, kò sí nínú Ọya.)

Tẹ́ ẹ bá rí ìlà pupa tó ń ṣàn wálẹ̀ látojú ìṣó, irin ni, ó ti dógùn-ún, á wú, á sì la pákó. Ìṣó bàbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọkọ̀ tó wà lórí ilẹ̀ ní gbogbo ìgbà ọyẹ́ ńkọ́? Pákó ẹ̀ á ti súnkì, tẹ́ ẹ bá wà nínú ẹ̀ ẹ máa rí ìta. Ẹ má sá. Tí wọ́n bá gbé e sódò á jò bí ajere, ẹ fún un lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, pákó á mumi, á wú, ojú ẹ̀ á padé. Tó bá ṣì ń jò lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀rọ̀ míì nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ǹtì dí i kẹ́ ẹ tó dé, ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń bò.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, kí wọ́n fà á gòkè kẹ́ ẹ rí ìdí ẹ̀, kẹ́ ẹ sì mú àgbà tó ń kan ọkọ̀ dání, ẹ̀yin fúnra yín ni kẹ́ ẹ sanwó fún un.

Ọ̀rẹ́ mi ti rí òmíì báyìí, ìrókò, kò ní pẹ́ńtì kankan, ó sì ń jò. Ọjọ́ kejì tó wọ omi lònìí, lọ́la la máa padà lọ wò ó.