Ta Ló Dúró Lẹ́nubodè Ìròyìn?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sí ẹ̀kọ́ ìbánisọ̀rọ̀ àti iṣẹ́ ìròyìn, ẹ kú ìkàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ yín ló gbà pé ọ̀rọ̀ sísọ la wá kọ́ níbí, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ lórí rédíò, bí a ṣe ń kọ ìròyìn tó wuni kà. A máa kọ́ ìyẹn náà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọn kò sọ ni mo fẹ́ ká fi bẹ̀rẹ̀.

Lọ́dún 1948, Harold Lasswell, onímọ̀ ìṣèlú ọmọ Amẹ́ríkà, kó gbogbo iṣẹ́ yìí sínú ìbéèrè márùn-ún: ta ló sọ̀rọ̀, kí ló sọ, ọ̀nà wo ló gbà sọ ọ́, ta ló sọ ọ́ fún, kí ló sì tẹ̀yìn rẹ̀ jáde? Ẹ há a sórí, ẹ máa bá a pàdé nínú ìdánwò. Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn yàtọ̀ díẹ̀: kí ọ̀rọ̀ tó dé etí wa, ta ló yẹ̀ ẹ́ wò, tó ní kó kọjá?

Lọ́dún 1949, David Manning White, olùwádìí nípa iṣẹ́ ìròyìn, bẹ olóòtú ìwé ìròyìn kan ní Amẹ́ríkà pé kó má da ìròyìn tí kò bá lò nù. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni láti ka ìròyìn tí iléeṣẹ́ akóròyìnjọ mẹ́ta ń fi ránṣẹ́, kó sì mú èyí tó máa wọ ìwé ìròyìn àárọ̀. Fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, tí iṣẹ́ bá parí lóru, yóò tún jókòó ti òkìtì ìwé tó kọ̀, yóò máa mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò sì máa kọ ìdí rẹ̀ sí wọn lára. Sára ọ̀kan, ó kọ ọ́ pé àyè ò sí. Sára òmíràn, pé ọ̀rọ̀ náà ò ṣe pàtó. Sára òmíràn ẹ̀wẹ̀, pé ìpolongo lásán ni.

Nígbà tí White ṣírò rẹ̀, bí ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló wọlé. Ló bá sọ olóòtú náà ní Mr. Gates, torí pé oníbodè ni: “gate” ni Gẹ̀ẹ́sì ń pe ẹnubodè.

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ènìyàn burúkú o! Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Àmọ́ àwọn tó ra ìwé ìròyìn náà láàárọ̀ gbà pé àwọn ti ka bí ayé ṣe rí. Ìdí nìyí tí n kì í fi í gbà nígbà tí ẹnì kan bá ní irọ́ nìkan ni ìṣòro ìròyìn. Ìròyìn lè jẹ́ òótọ́ látòkè délẹ̀, kó sì tún ṣi ni lọ́nà, nítorí èyí tí wọn ò gbé jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Lásìkò ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà lọ́dún 1968, olùwádìí méjì, Maxwell McCombs àti Donald Shaw, bi ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní ìlú Chapel Hill, tí wọn ò tíì mọ ẹni tí wọn máa dìbò fún, léèrè ọ̀rọ̀ tó ká wọn lára jù. Wọ́n gbé ìdáhùn wọn kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí àwọn oníròyìn ń tẹnu mọ́. Ìdáhùn wọn àti ohun tí àwọn oníròyìn tẹnu mọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀, bí ẹni pé ohun tí oníbodè bá jẹ́ kó kọjá ni aráàlú ń kà sí pàtàkì.

Lórí fóònù yín, ẹ̀rọ ló dúró lẹ́nubodè báyìí. Ohun tí ẹ tẹ̀, ohun tí ẹ dúró wò pẹ́, ni ẹ̀rọ náà fi ń yan èyí tó kàn. Ti Mr. Gates, a rí ìdí tó kọ kà. Ta ló rí ti ẹ̀rọ kà?

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín rèé. Ẹ wá ìwé ìròyìn méjì tó jáde lọ́jọ́ kan náà, kí ẹ kọ gbogbo àkọlé ojú ìwé àkọ́kọ́ wọn sílẹ̀. Ẹ kọ ìròyìn mẹ́wàá tó kọ́kọ́ yọ lórí fóònù yín lọ́jọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Èyí tó bá wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún, ẹ fàlà sí i nídìí, kí ẹ sì kọ ìdí tí ẹ rò pé oníbodè fi dá a padà sí i lára. Ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.